Kọ̀mpẹ́rẹ́sọ̀ Tí Ọkọ Mi Kékeré Dè Mọ́ Ọkọ̀ Màmá

Mo ní ọkọ méjì. Ẹ má tíì la ẹnu. Ọ̀kan ni mo fẹ́, ìkejì ni mo bá nílé. Èyí tí mo bá nílé ni àbúrò ọkọ mi, àbíkẹ́yìn ìyá wọn, mo sì fi ọdún gidi jù ú lọ. Nígbà tí mo ti ń dá ṣòwò, ó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé kéwú. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ti bí i kí n tó fẹsẹ̀ tẹ agbo ilé wọn ní Ìta Fájì, nítorí náà ọkọ mi lòun náà. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bi mí bóyá ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ọkọ Mi Kékeré ni mo ń pè é. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí i láràárọ̀, "ẹ" ni mo sì ń lò fún un. "Ìwọ ìyàwó yìí" lòun ń pè mí. Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, mi ò ní bu ọlá kankan fún un. Ìwé tèmi nìyí, ẹbí ọkọ kankan ò sí níbí.

Títún éèsí ọkọ̀ ṣe, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, ni iṣẹ́ rẹ̀. Bóyá ó kọ́ ọ jálẹ̀ tàbí kò kọ́ ọ jálẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀. Ó ta tapólì síta agbo ilé, ó gbé sílíńdà gáàsì síbẹ̀, ó so rọ́bà àti wáyà kọ́ ara ògiri, ó wá ra àga onírọ̀gbọ̀kú kan tó ń sùn lé lórí. Nínú gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀, àga yẹn ló mọ̀ ọ́n lò jù. Síbẹ̀, kò sí ọkọ̀ ẹbí kan tí wọn kì í gbé wá sọ́dọ̀ rẹ̀, torí òfin agbo ilé ni pé iṣẹ́ tí ọmọ ilé bá mọ̀, a kì í gbé e síta. Télọ̀ ilé ló ń rán aṣọ wa, bó bá sì rán apá kan kúrú, a máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Káfíńtà ilé ló kan ìlẹ̀kùn yàrá mi tí kì í pa dé dòní. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ síta, wọ́n á ní ó ń já oúnjẹ gbà lẹ́nu ọmọ ìyá. Ìyàwó tó bá sì dán an wò, ìpàdé ni wọ́n á pè lé e lórí.

Màmá, ìyá ọkọ mi, lọkọ̀ tí mò ń sọ yìí wà fún. Ọkọ mi àkọ́kọ́, ìyẹn èyí tí mo fẹ́, ń ṣiṣẹ́ ní Pọ́tákọ́tì, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Ó ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ aláwọ̀ eérú kan nígbà tí dókítà sọ fún wa pé ọkàn Màmá ti wú. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí dókítà ń sọ ọ́. Ó ní ooru àti èéfín lè pa wọ́n. Ó ní ká máa gbé wọn wá sí ọsíbítù ní Mẹ́ínláàndì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ká ti gíláàsì ọkọ̀ pa, ká tan éèsí, bí éèsí ò bá sì ṣiṣẹ́, ká má gbé wọn jáde nínú oòrùn rárá. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ojú mi ló sì ń wò.

Èmi ni mò ń wa ọkọ̀. Lọ́jọ́ ọsíbítù, mo máa ti ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìdúmọ̀tà pa, níbi tí mo ti ń ta òwú, síìpù àti bọ́tìnnì fáwọn aránṣọ. Ọkọ Mi Kékeré ò lè gbé wọn lọ, ó ní òun níṣẹ́. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé, bí a bá ti dé padà, á sáré jáde lábẹ́ tapólì, á ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, á di apá ìyá rẹ̀ mú, á mú wọn sọ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo ayé. "Màmá mi! Ọba obìnrin!" Àwọn ará ilé á ní ọmọ dáadáa ni. Èmi tí mo wa ọkọ̀ á kó àpò oògùn, mo máa tẹ̀ lé wọn wọlé.

Ọjọ́ tí kọ̀mpẹ́rẹ́sọ̀ kú, Marina la wà, nítòsí ibi táwọn bọ́ọ̀sì ti ń kérò ní CMS. Kọ̀mpẹ́rẹ́sọ̀ yìí ló ń ti gáàsì kiri inú páìpù éèsí. Bí kò bá sí i, ooru ni éèsí máa fẹ́. Ó ti ń pariwo láti ọjọ́ mélòó kan, bí ìgbà téèyàn ń lọ ata tí òkúta wà nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó han gooro, ó dúró, òórùn bẹ́líìtì tó ń jóná sì gba inú ọkọ̀. Mo yí gíláàsì sílẹ̀, èéfín bọ́ọ̀sì rọ́ wọlé. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí bí ẹni ń gun òkè. Títí a fi délé, mi ò mọ àdúrà tí mo gbà tán àti èyí tí mo gbà sí ìdajì.

Bí mo ṣe gbé wọn wọlé tán, mi ò sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo yí ọkọ̀ padà, mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún éèsí ṣe lẹ́yìn àwọn báńkì Marina. Ará Ọ̀yọ́ ni, ẹnu rẹ̀ sì burú. Kò kí mi, kò sì jẹ́ kí n kí òun tán. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó, ó pòṣé.

"Ta ló ń bá yín tọ́jú éèsí yìí?"

"Ọkọ mi ni."

"Ọkọ yín ò mọṣẹ́."

Kò sí ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Mo fẹ́ ní kó tún un sọ.

"Kọ̀mpẹ́rẹ́sọ̀ yìí ti gan, kò yí mọ́," ló wí. "Kó tó gan, ó ti fi irin lọ irin. Èérún ẹ̀ ti ṣàn wọ inú gbogbo páìpù. Bẹ́ ẹ bá lọ gbé òmíràn wá, tẹ́ ẹ kàn dè é mọ́ ọn, èérún yẹn á pa òun náà. Ẹ fọ páìpù, ẹ pààrọ̀ fíltà ẹ̀ tó ń sẹ́ ìdọ̀tí, kẹ́ ẹ tó gbé òmíràn sí i. Kò di dandan kó jẹ́ tuntun. Tòkúnbọ̀ dáa, tó bá ṣáà ti ń yí geere lọ́wọ́, tẹ́ni tó tà á bá gbà pé ẹ lè dá a padà. Ìyẹn ni kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ náwó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má fọ páìpù, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń wá."

"Ṣé ẹ lè bá mi ṣe é?"

"Madam, kí lẹ rò pé mo jókòó síbí fún? Mò ń ka báńkì ni?"

Mo ní mò ń bọ̀, mo sì sáré lọ sílé láti gbàṣẹ. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: èmi obìnrin tó ti dágbà, tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń san owó orí, mo lọ gbàṣẹ.

Màmá ti kírun Àsárì tán, wọ́n wà lórí ẹní ìkírun, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ wọn. Èémí wọn ti rọlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ohun tí ọkùnrin yẹn sọ, látorí èérún irin dórí fíltà. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ta ló kú nílé yìí," ni wọ́n bi mí, "tí ará Marina fi máa tún ọkọ̀ mi ṣe?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá."

"Ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Gbé kọ́kọ́rọ́ wá."

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Wọ́n kì í fi í sọ́wọ́ mi àfi lọ́jọ́ ọsíbítù, abẹ́ ìrọ̀rí wọn ló máa ń wà. Mo pe ọkọ mi ní Pọ́tákọ́tì. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má dá ìjà sílẹ̀, pé ọmọ ilé ló máa rọ̀ wá lọ́rùn jù. Ẹni tí kò gbé ilé ló máa ń sọ pé ọmọ ilé rọni lọ́rùn. Ọmọ ilé la kì í bá nájà. Iye tó bá fẹnu pè, ìyẹn náà ni, bí o bá sì ní kó dín in, wọ́n á ní ìyàwó ń náwọ́ sí ọkọ.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú àga onírọ̀gbọ̀kú.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní èérún irin wà nínú páìpù. Wọ́n ní ká fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé òmíràn sí i."

Kò tiẹ̀ dìde. "Àwọn wo ló ní?"

"Ẹnìkan tó mọ̀ nípa ẹ̀ ni."

"Ìwọ ìyàwó yìí, ṣé bọ́tìnnì lò ń tà àbí éèsí? Páìpù kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Wọlé lọ, jàre."

"Fíltà ẹ̀ ńkọ́, ọkọ mi?"

"Màmá!" ló ké. "Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìyàwó yín ń bá mi sọ o!"

Ohùn Màmá ti òkè wá láti ojú fèrèsé: "Fi ọmọ mi sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀!"

Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Kò sí irọ́ níbẹ̀, kọ̀mpẹ́rẹ́sọ̀ tòkúnbọ̀ tó gbé dé kò burú. Mo dọ́gbọ́n fọwọ́ yí i nígbà tó lọ ṣàlùwàlá, ó sì yí geere. Ṣùgbọ́n mo dúró sójú fèrèsé, mo ṣọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó tú ti àtijọ́ kúrò, epo dúdú kan ń kán lẹ́nu páìpù, ó fi àkísà nù ún. Ìyẹn ni gbogbo fífọ̀ tó fọ̀ ọ́. Ó de tòkúnbọ̀ mọ́ ọn, ó fẹ́ gáàsì sí i, ó padà sórí àga. Bí mo bá ké láti ojú fèrèsé yẹn, àwọn ará ilé kò ní bi mí léèrè ohun tó wà nínú páìpù, wọ́n á ní mo jágbe mọ́ ọkọ.

Éèsí tutù lọ́jọ́ náà, kí n má parọ́. Ó tutù débi pé àwọn ará ilé ń tò wá sínú ọkọ̀ láti gba atẹ́gùn. Màmá gbé ọwọ́ lé ọmọ wọn lórí, wọ́n ṣàdúrà fún un lédè Lárúbáwá àti Yorùbá. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ṣó o rí i?" Mo ní mo rí i, Màmá. Wọ́n ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, éèsí á tutù láàárọ̀, á lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀ pàápàá. Lọ́jọ́ kan tí a ń ti ọsíbítù bọ̀, mo na ọwọ́ sójú ihò tí atẹ́gùn ti ń jáde. Ooru ibẹ̀ lè se ẹ̀wà.

"Màmá, ṣé ó ń tutù lọ́hùn-ún?"

"Ó ń tutù."

"Tiwájú níbí kò tutù o."

"Tẹ̀yìn ló ń tutù. Ó tiẹ̀ ti pọ̀ jù. Bá mi na ìbòrùn mi."

Ìbòrùn náà nípọn, òun ni wọ́n mú bọ̀ láti Mẹ́kà. Wọ́n fi wé èjìká, wọ́n fà á pàdé láyà. Mo wò wọ́n nínú díńgí. Iwájú orí wọn ń dán, òógùn ń gba ẹ̀gbẹ́ imú wọn wá sílẹ̀, wọ́n sì ń gbọ̀n rìrì bí ẹni òtútù ń mú. Ojú wa pàdé nínú díńgí. Wọn ò gbé tiwọn kúrò.

"Ẹ jẹ́ kí n yí gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀, Màmá."

"Kí o yí i sílẹ̀ kí èéfín lè pa mí? Ṣé dókítà ò sọ ọ́ lójú ẹ ni?"

Mo fi gíláàsì sílẹ̀ ní títì. Nígbà tá a délé, Ọkọ Mi Kékeré sáré jáde, ó ṣílẹ̀kùn, ó di apá wọn mú. "Ọba obìnrin!" Ẹnìkan nínú àwọn ìyàwó ilé béèrè bóyá éèsí ṣì ń ṣiṣẹ́. Màmá na ìbòrùn sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i. "Ó ń ṣiṣẹ́ o! Ẹ wo bí mo ṣe di ara mi!" Ọmọ wọn ń rẹ́rìn-ín, ó di apá náà mú pinpin, ó sì mú wọn gun àtẹ̀gùn lọ.

Mo tẹ̀ lé e padà sísàlẹ̀, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ọkọ mi, éèsí yẹn kò tutù mọ́."

"Màmá ní ó tutù."

"Kò tutù, ọkọ mi. Ẹ wá wọ inú ọkọ̀ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó wò mí láti orí àga. "Màmá ní ó tutù. Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé Màmá ń purọ́?"

Ibẹ̀ ló ti mú mi. Ẹni tí kò bá tíì ṣe ìyàwó nínú agbo ilé lè rò pé ìdáhùn ṣòro láti rí. Kò ṣòro rárá. Mo ní ìdáhùn lẹ́nu, mo gbé e mì. Ìyàwó tó bá fẹ́ sọ pé ìyá ọkọ òun ń purọ́, kó ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ kó tó sọ ọ́, kó sì ti mọ ibi tó máa sùn. Mo tún pe Pọ́tákọ́tì. Ọkọ mi ní, "Màmá ní ó tutù, ìwọ ní kò tutù. Ta ni kí n gbà gbọ́?" Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Báyìí la ṣe wá ń lọ tá a sì ń bọ̀. Bí mo bá ní mi ò wakọ̀, wọ́n á ní mo fẹ́ kí Màmá kú sílé láìrí dókítà. Gíláàsì wà ní títì pa, éèsí ń fẹ́ ooru, èmi níwájú, Màmá lẹ́yìn, àwa méjèèjì ń sè nínú ìkòkò kan náà, kò sì sẹ́ni tó lè ṣí ìdérí. Wọ́n á ní òtútù ń mú àwọn. Mo máa ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá." Mo kórìíra wọn nínú ọkọ̀ yẹn. Mo ń sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi. Mo kórìíra ìbòrùn yẹn, mo kórìíra àga onírọ̀gbọ̀kú, mo kórìíra orúnkún èmi fúnra mi tó ti mọ ilẹ̀ ju bàtà lọ. Nígbà míì tí wọ́n bá ń wúkọ́ lẹ́yìn, inú á bí mi dípò kí àánú ṣe mí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, oòrùn mú, a ti sọ̀ láti orí afárá, a ti wọ Marina. Mo gbọ́ pé ẹ̀yìn dákẹ́. Màmá kì í dákẹ́ nínú ọkọ̀, bí wọn ò bá bú awakọ̀ kan, wọ́n á máa ṣe tẹ̀súbáà.

"Màmá?"

"Ó tutù," ni wọ́n wí. Ohùn náà ò ju ti ọmọ jòjòló lọ.

"Màmá, ẹ dá mi lóhùn dáadáa."

Mo yíjú padà. Ẹnu wọn là sílẹ̀, ètè wọn ti yí àwọ̀ padà, orí wọn sì ti fẹ̀gbẹ́ kan sára gíláàsì. Mo dá ọkọ̀ dúró níbi tó dúró sí, mo ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn, àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń fun fèrè, wọ́n ń ṣépè. Mo fa ìbòrùn yẹn kúrò lọ́rùn wọn. Omi ń kán lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo jù ú sórí àga iwájú, mo sì wakọ̀ dé ọsíbítù tó sún mọ́ wa jù lórí Erékùṣù, mi ò lè sọ ọ̀nà tí mo gbà.

Wọ́n gbé wọn wọlé, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí wọn nímú. Dókítà obìnrin kan jáde wá bá mi, ojú rẹ̀ le.

"Ta ló wé aṣọ òtútù mọ́ ìyá ọlọ́kàn wíwú nínú ooru yìí?"

"Àwọn fúnra wọn ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ fọ́jú ni?"

Mo pe ilé lórí fóònù. Kò pẹ́, ẹbí dé, Ọkọ Mi Kékeré ló sì ṣáájú, ó ń sunkún, ó fọwọ́ lérí. Níṣojú nọ́ọ̀sì, níṣojú àwọn aláìsàn, níṣojú ìyàwó ilé tó tẹ̀ lé e wá, ó nàka sí mi. "Kò tan éèsí! Éèsí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, ìyàwó yìí ò tan án! Ó fẹ́ pa ìyá mi!"

Bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kéékèèké á máa gorí ẹni. Gbogbo wọn yíjú sí mi, mo sì rí i lójú wọn pé wọ́n ti gbà á gbọ́. Ìyàwó ló wakọ̀, ìyàwó ló jẹ̀bi. Ìka rẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ gé jẹ. Ìgbà náà ni mo rántí pé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà nínú àpò mi, pé ẹni tó máa ń gbà á lọ́wọ́ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo jáde kúrò láàárín wọn láìdágbére. Mi ò lọ sílé gbàṣẹ.

Ọkùnrin ẹ̀yìn báńkì mọ̀ mí. "Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?" ló fi kí mi. Ó tú páìpù, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí àkísà funfun kan. Ẹrẹ̀ dúdú ni, irin sì ń dán wínníwínní nínú rẹ̀. Ẹnu kékeré tí gáàsì ń gbà kọjá ti dí pa. Kọ̀mpẹ́rẹ́sọ̀ tòkúnbọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi yí, tó yí geere, kò ṣeé yí mọ́. Ọkùnrin náà bú ẹni tó dè é, ó bú èmi tí mo gbà kó dè é, ó sì bú ooru Èkó. Mo jókòó sórí táyà kan, mo jẹ́ kó bú gbogbo wa dáadáa. Ó bá mi ra tòkúnbọ̀ míì, ó fọ páìpù títí omi tó ń jáde fi mọ́, ó pààrọ̀ fíltà. Ohun tó yẹ ká san lẹ́ẹ̀kan, a san án lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá kò kú. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, èmi nìkan ni mo lọ gbé wọn. Ọmọ wọn níṣẹ́. Mo mú wọn jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, mo ti gíláàsì pa, mo tan éèsí dé òpin. Mo ti fọ ìbòrùn yẹn, mo ti lọ̀ ọ́, ó wà nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

A ò tíì jìnnà tí wọ́n fi sọ ọ́. "Òtútù ń mú mi."

Mo wo díńgí. Irun apá wọn dìde, awọ ara wọn sì ti le. Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí.

"Màmá," ni mo wí, mi ò sì fi "ẹ jọ̀ọ́" sí i, "ẹ mọ̀ pé kò tutù nígbà yẹn."

Wọ́n wo ìta títí. "Mo mọ̀."

"Ẹ fẹ́ kú torí kí wọ́n má bàa ní ọmọ yín ò mọṣẹ́?"

"Ó kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó sá. Wọ́n rán an níwèé, ó sá. Abẹ́ tapólì yẹn nìkan ló jókòó sí rí. Bí èmi ìyá ẹ̀ bá sọ pé kò tutù, ta ló tún máa gbé ọkọ̀ fún un? Ọkàn tèmi ti wú ná."

"Tèmi ńkọ́? Bí ẹ bá kú sẹ́yìn mi, ta ni wọ́n máa ní ó pa yín?"

Wọ́n tún wo ìta, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe pé wọn ò rò ó. Wọ́n ti rò ó tán tipẹ́, wọ́n sì ti fi mí kún ohun tí wọ́n máa pàdánù nítorí ọmọ wọn.

Ara wọn ń gbọ̀n. Wàhálà tí mo ti rí lórí ìyá yìí pọ̀, síbẹ̀ ọwọ́ mi ti wọ inú àpò, ó ti kan ìbòrùn, nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀.

"Tá a bá délé, sọ pé ọmọ mi ló tún un ṣe."

Mo yọ ọwọ́ mi jáde. Mo dì í mú mọ́ ìdarí ọkọ̀, mi ò sì dín éèsí kù títí a fi wọ Ìta Fájì.

Wọ́n ti pé síta. Ọkọ Mi Kékeré sáré jáde lábẹ́ tapólì bó ṣe máa ń ṣe, ó ti la ẹnu láti pe Ọba obìnrin. Ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, òtútù sì rọ́ lù ú lójú. Ó na ọwọ́, ó di apá ìyá rẹ̀ mú.

Ó fa ọwọ́ náà padà.

Apá náà gbẹ, ó sì tutù nini. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó gbójú sókè, ó wò mí, mo sì rí ojú rẹ̀ kó tó rí nǹkan fi bò ó. Ní gbogbo ọjọ́ tá a fi ń ti ọsíbítù bọ̀, apá yìí kan náà ló ń dì mú níṣojú gbogbo ayé, òógùn sì ń ṣàn lára rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò sígbà kan tí kò mọ̀.

"Ọmọ mi!" Màmá gbóhùn sókè fún gbogbo agbo ilé, eyín wọn ń pàdé ara wọn. "Éèsí tó o ṣe tutù o!"

Àwọn ará ilé pàtẹ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ níwájú, mo yọ ìbòrùn láti inú àpò, mo rìn yípo ọkọ̀ lọ bá a, mo nà án sí i.

"Ẹ gbà, ọkọ mi," ni mo wí. "Òtútù ń mú ìyá yín."

Orí ìdúró ni mo ti sọ ọ́. Ó wo orúnkún mi, ó dúró díẹ̀ bóyá mo máa kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba ìbòrùn lọ́wọ́ mi.